Ọ̀RỌ̀ ILÉ: OMI ẸJA

Ìdílé kan ní Challenge, ní ìlú Ìlọrin, tí ń sin ẹja àrọ̀ nínú táǹkì lẹ́yìnkùlé, bi wá léèrè bóyá kí wọ́n fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ra ẹ̀rọ tí ń fi èéhó kó ẹ̀gbin kúrò nínú omi. Èsì wa ni pé, Kí wọ́n má ṣe é.

Ẹja òkun ni ẹ̀rọ náà wà fún. A máa fẹ́ atẹ́gùn wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ sínú omi. Ẹ̀gbin a lẹ̀ mọ́ ọn, a sì di èéhó tí ń gòkè sínú ife tí a ó dà nù. Ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun ni kì í jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí so pọ̀. Nínú omi kànga wa, kíákíá ni wọn a di ńlá, wọn a sì bẹ́ láìkó ẹ̀gbin.

Ẹ̀yin ará, ẹ má bu oúnjẹ ju èyí tí ẹja yóò jẹ tán lójú yín. Àjẹkù tí ó bá jẹrà a máa sọ omi di májèlé. Ẹ máa pààrọ̀ apá kan omi náà déédéé, kí ó tó rùn. Ẹni tí ó sé ẹja mọ́ ni Ọlọ́run yóò bi léèrè omi rẹ̀.