Àmáná Ni Ara Ènìyàn: Ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ń Gbé Irin

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fún wa ní ìlera.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ọ̀tà àti Ṣàngó, a kò bá yín jà nítorí irin tí ẹ ń gbé. Ẹni tó ja ẹrù láti àárọ̀ ní ilé-iṣẹ́, tó tún lọ gbé agolo tí wọ́n rọ sìmẹ́ǹtì sí ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, yin agbára onígbàgbọ́. Ohun tí a lòdì sí ni abẹ́rẹ́ àti hóró ògùn tí àwọn kan ń lò kí iṣan wọn lè tètè yọ.

Wọ́n ní kì í pani bí ọtí, nítorí náà kì í ṣe háráámù. Irọ́ ni! Ṣé kìkì ohun tó ń pani bí ọtí ni ẹ̀sìn kọ̀? Suratul-Baqarah, ẹsẹ 195, kọ ìparun ara-ẹni. Ògùn steroid jẹ́ àdàmọ̀dì èròjà tó ń sọ ọkùnrin di ọkùnrin. Bí ó bá pọ̀ lára, ara yóò ṣíwọ́ ṣíṣe tirẹ̀. Kórópọ̀n lè súnkì, àtọ̀ lè má lágbára ọmọ mọ́, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ lè bàjẹ́. Bí wọ́n bá sì ń lo abẹ́rẹ́ kan náà, àrùn éèdì ń bẹ nítòsí. Bí ọmọ kò bá wá dé, ìyàwó ni wọn yóò máa wọ́ kiri láti ọ̀dọ̀ àfáà dé ọ̀dọ̀ onísègùn. Ta ló jẹ̀bi?

Wọ́n tún ní gbogbo ẹni tó ń gba àmì-ẹ̀yẹ ló ń lò ó. Ẹ wo ibi tó ń já sí. Ní Glasgow ní 2014, ọmọbìnrin wa kan, ọmọ ọdún 16, gba góòlù nínú irin gbígbé. Àyẹ̀wò rí ògùn amúnitọ̀ tó lè bo àṣírí ògùn mìíràn, wọ́n sì gba góòlù náà padà. Blessing Okagbare gba idẹ ní Beijing ní 2008. Ní 2017 ó di fàdákà, nítorí pé ará Rọ́ṣíà tó ṣáájú rẹ̀ lo ògùn. Ní 2022, wọ́n fi òfin dè é fún ọdún 10 nítorí ògùn, wọ́n sì tún fi ọdún 1 kún un. Kòtò tó gbé ẹlòmíràn mì lòun náà jìn sí!

Bí dókítà bá kọ ògùn fún aláìsàn, ìwòsàn nìyẹn. Ti ẹlẹ́mìí líle, jìbìtì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ni ibi ìgbérin, ẹ má tà á fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, ẹ sùn dáadáa, ẹ ní sùúrù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọlọ́hun yóò bi kálukú léèrè bó ṣe lo ara tí Ó fi sí i níkàáwọ́.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Àmín.