Iye Kí Ni? Ẹ Fún Nọ́ńbà Lórúkọ Tó Yé Èèyàn



Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í wo ilé kankan. Wọ́n á kọ x, wọ́n á kọ a1, ó parí.

Ẹ jẹ́ ká wo ètò tó ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò oníṣòwò á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó máa bá a gba owó. "Amount" ni wọ́n ń pe àyè tí nọ́ńbà náà ń wọ̀, ìyẹn "iye". Iye kí ni? Lọ́dọ̀ Paystack, kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń ka náírà: 5000 jẹ́ 50 náírà péré. Lọ́dọ̀ Stripe, wọn kì í ka kọ́bọ̀ mọ́ CFA tiwa: 5000 jẹ́ 5000 CFA gan-an. Orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀!

Àwa ará ibodè kọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́ ní èyí. Ẹni tó bá pe "igba" lọ́jà wa kò tíì sọ̀rọ̀ tán. A ó bi í: náírà ni àbí CFA?

Wọ́n á ní ó wà nínú ìwé ìlànà. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ń lé kì í ṣí ìwé; orúkọ lojú rẹ̀ ń rí. Ẹ kọ iye_kobo, ẹ kọ montant_cfa, kí orúkọ fúnra rẹ̀ kìlọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà tó dúró sójú kan nínú ètò. TVA ti Benin jẹ́ 18%. Ti Nàìjíríà jẹ́ 5% tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, ó di 7.5%. Ẹni tó ti kọ 0.05 káàkiri ètò rẹ̀ á máa wá a kiri: èwo ni TVA, èwo ni ẹ̀dínwó? Ẹni tó pè é ní TVA_NIGERIA, ibì kan ṣoṣo ló tún ṣe.

Nínú ìṣirò tí wọ́n fi èdè Faransé kọ́ wa, x tó, torí ìlà mẹ́ta ni lójú pátákó. Ètò owó kì í ṣe ìlà mẹ́ta, ẹlòmíràn ló sì máa tún un ṣe lọ́la.

Ẹ̀yin oníṣòwò, tí wọ́n bá gbé ètò wá fún yín, ẹ bi wọ́n: iye kí ni? Bí orúkọ inú rẹ̀ kò bá lè dáhùn, ẹ má tíì sanwó.