Ó Yẹ Kí A Máa Fi Lésà Tọ́jú Iṣẹ́ Idẹ àti Bàbà Àtijọ́

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí ẹ bá rí idẹ tí ó ti dípẹtà nílé, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Èyí dára fún ẹ̀gbà ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ère àtijọ́ tí a hú nínú ilẹ̀, ohun tí a bá ha kúrò lára rẹ̀ kò ní padà mọ́. Èrò tèmi ni pé lésà ni ó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lésà ni ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ kóra jọ sí ojú kan. Theodore Maiman ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1960. Bí a bá tàn án sí ère, ìdọ̀tí dúdú yóò fa ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ra, yóò gbóná lójijì, yóò sì bọ́ dànù. Irin tí ń dán lábẹ́ rẹ̀ yóò dá púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà. Wọ́n lò ó báyìí ní Florence, ní Ítálì, lára ìlẹ̀kùn oníwúrà tí Lorenzo Ghiberti parí ní 1452.

Lẹ́yìn èyí, lésà wúlò fún àyẹ̀wò. A máa sọ díẹ̀ bíńtín lára irin di ooru tí ń tàn. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ̀ bóyá bàbà, òjé tàbí tánńganran wà níbẹ̀.

Ẹ wo àwọn orí ère tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Àyẹ̀wò irin, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti lésà, ti fi hàn pé bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù ni wọ́n fi rọ àwọn kan nínú wọn. Bàbà bẹ́ẹ̀ ṣòro láti yọ́ dà ju idẹ lọ. Ẹ ò rí i pé àyẹ̀wò ń fi ọgbọ́n àwọn baba ńlá wa hàn?

Àwọn kan yóò ní lésà wọ́n, ó sì léwu. Òótọ́ ni. Bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù, ó lè yí àwọ̀ irin padà. Ó sì lè ba ojú ẹni tí ń lò ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìpẹtà ni ó yẹ kí a yọ, nítorí òmíràn ń dáàbò bo bàbà. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé ọ̀bẹ mú kí á sọ ọ́ nù. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yóò kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré tí ó fara sin.

Ní ìparí, kí ìjọba ra ẹ̀rọ yìí, kí ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìlò rẹ̀. Ère tí ó bàjẹ́ kò ní ààrọ̀.