“Ga” àti “Neun” Nínú Èdè Kòríà: Ta Ló Ṣe É, Ọ̀rọ̀ Ta Là Ń Sọ?

Nínú èdè Kòríà, ẹ̀yìn gbólóhùn ni ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń wà. Olùwà àti àbọ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì lè gbapò ara wọn kí ìtumọ̀ má dàrú, torí wúnrẹ̀n kékeré kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀-orúkọ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. “Eul” tàbí “reul” ni ti àbọ̀. “I” tàbí “ga” ni ti olùwà. “Eun” tàbí “neun” ni ẹ̀kẹta, òun ló sì ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, torí iwájú gbólóhùn tí olùwà máa ń wà lòun náà sábà máa ń wà, wọn a sì rò pé ọ̀kan náà ni òun àti “ga”. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. “Ga” ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe nǹkan; “neun” ń tọ́ka sí ẹni tàbí ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé.

Ìrísí wọn kò le. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí kọ́ńsónáǹtì á gba “i” àti “eun”. Èyí tó bá parí sí fáwẹ̀lì á gba “ga” àti “neun”. “Chaek”, ìwé, á di “chaegi” àti “chaegeun”. “Namu”, igi, á di “namuga” àti “namuneun”. “Na”, tó túmọ̀ sí èmi, ló ya díẹ̀: “naega” ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe “naga”. Nígbà tí Ọba Sejong ṣẹ̀dá álífábẹ́ẹ̀tì Hangul ní 1443, tó sì gbé e jáde fún aráàlú ní 1446, “ga” kò tíì sí nínú àkọsílẹ̀. “I” nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ olùwà. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni “ga” tó yọjú.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti ní ìyàtọ̀ “ga” àti “neun” létí kó tó ṣí ìwé Kòríà kankan, ó sì dunni pé inú ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni ọ̀pọ̀ ti ń wá a kiri. Bí wọ́n bá béèrè pé “Nuga wasseoyo?”, ìyẹn “Ta ló wá?”, ìdáhùn rẹ̀ ni “Minaga wasseoyo”: Mina ló wá. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa dáhùn ìbéèrè yẹn pé “Mina wá.” Bí ìyẹn kò ṣe bá etí wa mu ni “Minaneun wasseoyo” kò ṣe ní bá etí ará Kòríà mu níbẹ̀. Àmọ́ bí ìbéèrè bá jẹ́ “Minaneunyo?”, Mina ńkọ́?, orúkọ Mina ti wà nílẹ̀, ìròyìn rẹ̀ ló kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́. “Ni” inú “Mina ló wá” ló ń ṣe iṣẹ́ “ga”. “Ńkọ́” àti “ní ti” ló sún mọ́ “neun” jù.

Kì í ṣe gbogbo “ga” ló ń tẹnu mọ́ nǹkan, ṣá. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé tó rí i pé ilẹ̀ ti tutù á sọ pé “Biga wayo”, òjò ń rọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń rọ̀. Ìròyìn tuntun ni gbogbo gbólóhùn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn àlọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. “Yennare namukkuni sarasseumnida”: láyé àtijọ́, aṣẹ́gi kan wà. “I” ló mú aṣẹ́gi wọlé. Ní gbólóhùn kejì, àwọn olùgbọ́ ti mọ̀ ọ́n, yóò wá di “namukkuneun”, aṣẹ́gi náà.

Ibi tí “neun” ti fi ara rẹ̀ hàn gbangba pé òun kì í ṣe àmì olùwà ni ilé oúnjẹ. Oníbàárà á sọ pé “Jeoneun bibimbabieyo.” Ẹni tó bá ka “jeoneun” sí olùwà á rò pé ẹni náà ń pe ara rẹ̀ ní bibimbap, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ pò. Ohun tó sọ ni pé: “Tèmi, bibimbap ni.” Ẹlòmíràn á ní “Gogineun meogeoyo”, ẹran, mo máa ń jẹ ẹ́. Àbọ̀ ni ẹran níbí, “neun” ló sì lé “reul” kúrò nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ti fura pé oúnjẹ mìíràn wà tí onítọ̀hún kì í jẹ.

“Ga” àti “neun” lè jọ wà nínú gbólóhùn kan, àpẹẹrẹ erin sì ni ti gbogbo olùkọ́: “Kokkirineun koga gilda.” Erin ni ọ̀rọ̀ dá lé, “ko”, imú, tó jẹ́ ọwọ́jà rẹ̀, ni olùwà ohun tó gùn. Yorùbá náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: erin, imú rẹ̀ gùn.

Nínú awẹ́ gbólóhùn tó ń ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀-orúkọ, “ga” ló máa ń wà: “naega san chaek”, ìwé tí mo rà. Bákan náà, “anieyo”, kì í ṣe, máa ń fẹ́ “i” tàbí “ga” lára ohun tó ṣáájú rẹ̀: “haksaengi anieyo”, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Fún àgbàlagbà, “kkeseo” ló ń rọ́pò “ga”, bí a ṣe ń fi “wọ́n” pe ẹni tó ju ni lọ: “Halmeonikkeseo osyeosseoyo”, ìyá àgbà ti dé. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dá lé wọn, “kkeseoneun” ni. Láàárín ọ̀rẹ́, àwọn wúnrẹ̀n yìí sábà máa ń já sọnù, “Bap meogeosseo?”, ṣé o ti jẹun, kò ní ẹyọ kan nínú. “Ga” tó ń dáhùn “ta ni” kì í já bọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ṣe lè yọ “ni” kúrò nínú “Mina ló wá”.