Kí Òṣìṣẹ́ Ṣírò Owó Rẹ̀ Kí Ó Tó Fọwọ́ Sí Ìwé

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ní Àjàṣẹ́, ìbéèrè kan ni gbogbo ilé máa ń bi í: èló ni yóò gbà, oṣù mélòó ni owó náà yóò sì gbé wa dé? Ní ilẹ̀ Faransé, láti ìparí ọdún 1958 ni wọ́n ti dá àpò kan sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí irú àpò bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbójú lé CNSS fún èyí. Ìdá 3.6 nínú 100 tí a ń yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ wà fún owó ìfẹ̀yìntì. Kò ṣòfò, nítorí àwọn oṣù tí a ti san yóò wà nínú àkọsílẹ̀ di ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n kò lè ra gààrí lónìí.

Ohun tí ó kù ni owó tí ọ̀gá jẹ òṣìṣẹ́ tí ó dá dúró. Àdéhùn gbogbogbòò lórí iṣẹ́, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2005, sọ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ti lo ọdún kan ó kéré tán, tí kò sì ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lẹ́nu iṣẹ́, ní ẹ̀tọ́ sí i. Fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ọdún kọ̀ọ̀kan gba ìdá 30 nínú 100 owó oṣù kan. Láti ọdún kẹfà dé ìkẹwàá, ó di ìdá 35. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìdá 40.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń gba 52,000 fáráǹkì lóṣù, èyí tí ó jẹ́ owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin láti ọdún 2023. Ká ní ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 7. Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ 15,600 lọ́nà 5, èyí tí í ṣe 78,000. Ọdún méjì tí ó kù jẹ́ 18,200 lọ́nà 2, èyí tí í ṣe 36,400. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 114,400. Bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, láìfún un ní oṣù kan tí òfin là sílẹ̀ fún ìkìlọ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi owó oṣù kan kún un: 166,400 fáráǹkì. Owó ìsinmi ọdún tí kò tíì lò tún wà lórí èyí.

Ẹni tí kò ṣírò lè gba 60,000 nínú àpò ìwé, kí ó sì máa dúpẹ́. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni owó ilé àti owó iléèwé ọmọ rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí òṣìṣẹ́ tọ́jú ìwé owó oṣù rẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́. Kí ó má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ «solde de tout compte» sí, bí kò bá tíì kà á tán. Bí owó kò bá pé, kí ó lọ bá alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ iṣẹ́ ń kọ́kọ́ dé kí ó tó dé ilé ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ìṣirò òṣìṣẹ́ nìkan kò tó. Òfin tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 fi òpin sí owó ìtanràn: ẹni tí wọ́n dá dúró láìtọ́ kò lè gbà ju owó oṣù 9 lọ. Òfin náà mú ẹrù ọ̀gá fúyẹ́. Kò dá àpò kankan sílẹ̀ fún ẹni tí ó pàdánù iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ọdún 1952, àdéhùn 102 ti àjọ àgbáyé lórí iṣẹ́ ti ka àìríṣẹ́ṣe mọ́ ewu mẹ́sàn-án tí ó yẹ kí ìjọba dáàbò bo ènìyàn kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó tọ́ kí ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Títí di ọjọ́ náà, ẹni tí ó ti mọ̀wé kà ní ohun tí yóò fi gba owó rẹ̀ pé.