Kọ̀ǹpútà Mélòó Lẹ Ń Sanwó Fún?

Ẹ dé ọ́fíìsì kan ní Ṣàgámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, kí ẹ béèrè iye kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì wọn, kíá ni wọn yóò kà á fún yín. Àmọ́ bí ẹ bá béèrè iye èyí tí wọ́n ń yá lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ọ̀pọ̀ wọn, ojú ni wọn yóò máa wo ara wọn. Wọn á ní kí ẹ dúró de bọ̀ọ̀dá tó ṣe ètò náà. Bọ̀ọ̀dá sì ti wà ní Kánádà.

Ohun tí mo pè ní kọ̀ǹpútà àyálò yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní virtual machine. Ẹ ronú nípa ilé onírúmù mẹ́wàá ní Sábó: ilé kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ayálégbé kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Amazon, Microsoft àti Google ṣe ń pín kọ̀ǹpútà ńlá sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń fi í yá ènìyàn. Dọ́là ni wọ́n sábà máa ń fi díwọ̀n owó rẹ̀.

Ibi tó ti dùn wá nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó náírà 500 ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2024 ni Amazon tún ti ń gba ìdajì sẹ́ǹtì kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lórí àdírẹ́sì IPv4 tí kọ̀ǹpútà àyálò fi ń bá ayé sọ̀rọ̀. Ẹ má fojú kéré e. Dọ́là mẹ́ta àti ọgọ́ta sẹ́ǹtì ni lóṣù, èyí tó jẹ́ náírà 5,400 bí dọ́là kan bá jẹ́ náírà 1,500, lórí àdírẹ́sì nìkan, ká má tíì sọ ti kọ̀ǹpútà gan-an. Bí ẹ bá sì pa kọ̀ǹpútà náà tí ẹ kò pa á rẹ́, owó àyè tí fáìlì rẹ̀ wà ṣì ń kà. Ẹni tó gbàgbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta, gbèsè ló ń bọ́ láìmọ̀.

Irinṣẹ́ tó lè gbà wá wà. Ọdún 2014 ni Terraform jáde. Dípò kí ènìyàn máa tẹ bọ́tìnnì kiri, yóò kọ irú kọ̀ǹpútà tó fẹ́ sínú fáìlì kan, Terraform yóò sì lọ yá a wá, yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí tirẹ̀. Bí ẹ bá pàṣẹ terraform state list, orúkọ gbogbo ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ yóò jáde. Terraform state show yóò sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, àdírẹ́sì rẹ̀ àti ibi tó wà. Kódà, èyí tí ẹlòmíràn yá, ẹ lè kọ ìbéèrè sínú fáìlì kan náà, kó lọ bi onílé fún yín.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọn á ní kọ̀ǹpútà méjì péré làwọn ní, irinṣẹ́ ńláńlá kọ́ ló tọ́ sí àwọn. Ta ló ka méjì náà? Àwọn mìíràn á ní Terraform kì í rí ohun tí a fọwọ́ tẹ̀ bí a kò bá tọ́ka rẹ̀ sí i. Òótọ́ pọ́nńbélé ni, ẹjọ́ tí mo sì ń rò gan-an nìyẹn: ẹ yé fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ẹ ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, àṣẹ import wà tí ẹ lè fi mú un wọ ìwé. Ẹni tí àyípadà òfin ìlò Terraform lọ́dún 2023 kò bá tẹ́ lọ́rùn, OpenTofu wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kìkì pé ìwé ìrántí náà lè gbé ọ̀rọ̀ aṣínà sí gbangba, nítorí náà àpótí oní-kọ́kọ́rọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí GitHub fún gbogbo ayé.

Nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000, bẹ́ẹ̀ wọn kò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú. Orí ìwé ni wọ́n ti ka tíṣà, kíláàsì àti àga. Àwa tí à ń gbé ilẹ̀ tó bí ọkùnrin náà wá ń ná dọ́là sórí ohun tí a kò kà.

Nítorí náà, ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn àti ní Gateway Polytechnic ní Sáàpàdé, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà àyálò, kó fi fáìlì tó fi yá a sílẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní máàkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe náà, ẹ má sanwó tán kó tó fi fáìlì àti ìwé ìrántí náà lé yín lọ́wọ́. Bó bá ní kò sí ìṣòro, ẹ ní kó pa àṣẹ state list lójú yín, kí ẹ ka iye tó jáde, kí ẹ sì fi wé iye tó wà nínú ìwé owó oṣù yìí.