Ilé Alájà 36 Kọ́ Ni Yóò Gba Àlejò Wa

Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa ti gbé àbá kan kalẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹni tí ó bá ní èrò kọ ọ́ sínú ìwé yìí kí a tó dìbò. Àbá náà ni pé kí a gba àwọn aṣojú tí yóò ti Ilé-Ifẹ̀, Ìbàdàn, Àjàṣẹ́, Kútọnu àti Paris wá sí Hôtel du 2 Février ní Lomé, kí wọ́n sùn níbẹ̀ fún òru mẹ́ta, kí wọ́n ṣe ìpàdé wọn níbẹ̀, kí a sì fi bọ́ọ̀sì gbé wọn wá sí Agbonou ní ọjọ́ kẹrin láti wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán kí wọ́n tó padà sílé. Èmi lòdì sí àbá yìí. N ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi igbá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá yóò rí i kà ní èdè Faransé ní ojú ewé tí ó kọjú sí èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi èdè bò ó láṣìírí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àwọn tí ó dá àbá náà, nítorí ọmọ ilé wa ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n ní àwọn àgbàlagbà wà nínú àlejò wa tí ara wọn kò le, tí wọn kò lè sùn níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí kò bá ṣe ohun ńlá, kò sí ẹni tí yóò kà á sí. Wọ́n wá sọ èyí tí ó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ wọn, pé owó wa ni a fi kọ́ ilé náà, kí ló dé tí àjòjì nìkan yóò máa sùn nínú rẹ̀? Ìdí àkọ́kọ́ rọrùn láti dáhùn, n ó dé ibẹ̀. Èkejì kò tó ohun tí à ń fi àkókò ṣòfò lé lórí. Ẹ̀kẹta ni ó yẹ kí a jókòó tì.

Òótọ́ ni pé owó wa ni. Ilé náà ga ní mítà 102, ó ní àjà 36, wọ́n ṣí i ní 1980, kò sì sí ilé mìíràn tí ó ga tó o ní Togo. Ẹ wo orúkọ rẹ̀. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1974 ni ọkọ̀ òfuurufú tí ó gbé Ààrẹ Eyadéma já lulẹ̀ ní Sarakawa. Ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé ni ó padà wọ Lomé pẹ̀lú ayẹyẹ ńlá, tí ó sì kéde pé fọ́sífáàtì ilẹ̀ wa di ti ìjọba pátápátá. Ọjọ́ ìpadàbọ̀ ẹnì kan ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ilé yìí lórúkọ. Láàrin 1973 sí 1975, iye tí wọ́n ń ta fọ́sífáàtì ní ọjà àgbáyé lọ sókè ju ìlọ́po mẹ́rin lọ, ìjọba sì rò pé òjò tí ó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò máa rọ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n yá owó, wọ́n kọ́lé. Nígbà tí iye náà já wálẹ̀, gbèsè kò bá a wálẹ̀. Ní 1979, ọdún kan kí wọ́n tó ṣí ilé ìtura náà, Togo ti wà níwájú Àjọ Owó Àgbáyé tí ó ń wá ìrànlọ́wọ́.

Fọ́sífáàtì nìkan kọ́ ni ó ń kún àpò ìjọba nígbà náà. Ẹni tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ ní agbègbè wa kò ní gbàgbé OPAT. Láti 1964 ni àjọ yìí ti ń ra kọfí àti kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Plateaux, ní iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ dá, iye tí ó kéré sí èyí tí wọ́n ń tà á ní òkè òkun. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù láàrin iye méjèèjì kì í padà sí oko. Ìgbà tí ó di 1996 ni wọ́n tó tú àjọ náà ká. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé owó wa ni ilé náà, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Owó wa ni, a kò sì ní kí wọ́n ná an bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹni tí wọ́n ti fi owó rẹ̀ kọ́lé láìbi í léèrè ni yóò tún kó owó mìíràn lọ́wọ́, tí yóò san án lẹ́nu ọ̀nà, kí ó lè wọlé wo ohun tí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ ṣe?

N kò sọ pé ilé gíga burú. Ilé Kòkó ní Ìbàdàn ga tó nǹkan bí mítà 105, ó ní àjà 26, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, mo sì ń yọ̀ nígbàkígbà tí mo bá rí i láti òkèèrè. Irúgbìn tí àgbẹ̀ gbìn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀, ní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún ọmọ àgbẹ̀ kan náà. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọmọ kí wọ́n tó kọ́ ilé. Èyí tí ó wà ní Lomé kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n tilẹ̀ ti pààrọ̀ orúkọ ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó o: Corinthia wà níbẹ̀ rí, Radisson Blu dé ní 2016. Orúkọ ń lọ, orúkọ ń bọ̀, kò sí èyí tí ó jẹ mọ́ wa nínú wọn.

Àwa ará Agbonou sì ti mọ ohun gíga kí Lomé tó mọ̀ ọ́n. Kamina kò jìnnà sí wa. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Telefunken ti Jámánì gbé àwọn òpó irin ró ṣáájú ogun 1914, tí àwọn kan nínú wọn ga tó mítà 120, ó ju ilé ìtura Lomé lọ. Àwọn baba ńlá wa ni wọ́n kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ru ẹrù. Ohun tí ẹ̀rọ náà wà fún ni kí ó bá Nauen sọ̀rọ̀, lẹ́bàá Berlin; kò sí ọjọ́ kan tí ó bá Agbonou sọ ohunkóhun. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Ògún 1914, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń bọ̀, àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lọ ní òru kan. Àwọn ọmọ wa ń fi ẹran jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwókù rẹ̀. Bí àwọn aṣojú bá fẹ́ rí ohun gíga, ẹ mú wọn lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí ohun tí ó dùn mí jù, èyíinì ni ohun tí à ń pè ní àlejò.

Wọ́n pè mí sí ìpàdé kan rí ní ìlú ńlá kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n sì fi mí sí àjà kọkàndínlógún nínú ilé ìtura gíga. Fèrèsé yàrá náà kò ṣeé ṣí. Àbúrò ìyá mi kan ń gbé ìlú náà. Ó gbọ́ pé mo dé, ó gún iyán, ó se ẹ̀fọ́, ó dì í dáadáa, ó wọ ọkọ̀ méjì kí ó tó débẹ̀. Wọ́n dá a dúró nísàlẹ̀. Wọ́n bi í ní ìwé ìdánimọ̀, kò mú un dání. Wọ́n ní oúnjẹ ìta kì í wọ ilé náà. Nígbà tí wọ́n fi pè mí tí mo sọ̀kalẹ̀, mo bá a lóde, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó di abọ́ rẹ̀ mú. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i níbẹ̀, àwọn awakọ̀ ń wò wá. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ sọ̀kalẹ̀ báyìí?” A jẹ iyán náà níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹni tí ó dá a dúró kò ṣe ju iṣẹ́ tí wọ́n rán an lọ, ọmọ tálákà bíi tiwa ni, n kò bá a jà. Ilé náà ni wọ́n kọ́ lọ́nà tí iyán ìyá mi kò fi lè wọ̀ ọ́.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í dá àlejò wò lójú yàrá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ará ilé yóò wá béèrè bí ó ti sùn, ọmọdé yóò gbé omi wá, aládùúgbò yóò yọjú pé àwọn gbọ́ pé ẹnì kan dé láti Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀ ni ìtàn ti ń jáde. Níbẹ̀ ni àgbàlagbà kan ní Gnagna yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ará Ìbàdàn, tí yóò ní, “Ẹ tún un sọ, bí àwa náà ṣe ń pè é nìyẹn.” Ẹgbẹ́ wa wà nítorí irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún mi àjà tí yóò ti ṣẹlẹ̀ nínú 36 náà. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò ti máa fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn aṣojú wa, títí wọn yóò fi sọ wọ́n di nọ́ńbà yàrá. Ẹgbẹ́ tí ó ní òun ń dá ààbò bo èdè yóò wá fi òru mẹ́ta gbé ibi tí èdè náà kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe.

Owó ńkọ́? Láti 2023, owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin Togo fi àyè gbà ni 52.500 sẹ́fà. Òru kan tàbí méjì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti gbé e mì. Lára owó tí ó wà nínú àpótí ẹgbẹ́ ni èyí tí àwọn obìnrin tí ń ta gàrí àti iṣu ní ọjà Agbonou ń dá. Kí akápò bọ́ síwájú wọn, kí ó ṣàlàyé ohun tí òru mẹ́ta yẹn jẹ́ fún wọn, bí ojú kò bá tì í.

Ní ti ìlera àwọn àgbà, ilé ìwòsàn ẹkùn wà ní Atakpamé, àwọn ilé ìtura kéékèèké tí ó ní ẹ̀rọ amúnáwá sì wà nílùú, ọwọ́ àwọn tí a mọ̀ ni owó rẹ̀ yóò sì bọ́ sí. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le, kí ó sùn níbẹ̀. Àwọn yòókù, ilé ni kí wọ́n wọ̀. Agbonou kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba àlejò: láti ìgbà tí ojú irin Jámánì ti dé ibí ni àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń bèèrè ibi tí wọn yóò sùn sí, tí wọ́n sì ń rí i. Nígbà ọdún iṣu, ọmọ Ifẹ̀ tí ó wà ní Lomé àti Kútọnu máa ń dé, ilé a kún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sùn sí títì rí. Kìlómítà bí 160 péré ni Lomé sí ibí, ọ̀nà ọ̀dà ni.

Kí ìgbìmọ̀ fa àbá àkọ́kọ́ yẹn ya, kí wọ́n kọ òmíràn: ìpàdé ní Agbonou, oòrùn mẹ́ta, ọjọ́ kan ní Kamina, kí olúkúlùkù onílé sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Mo ti kọ tiwa. Yàrá méjì ni, fèrèsé wọn ń ṣí, kànga wà nínú àgbàlá, ìyàwó mi sì ní kí wọ́n sọ ṣáájú bí ẹnì kan kò bá lè jẹ ata.